Tábìlì Dátà Lórí Wẹ́ẹ̀bù: Èwo Nínú Àwọn Láíbìrì Ló Yẹ Ká Mú?

Ẹni tó bá ń kọ́ ojú ìṣiṣẹ́ orí wẹ́ẹ̀bù fún ilé iṣẹ́, yálà ti ìṣirò owó ni o, ti àkọsílẹ̀ aláìsàn ni o, tàbí ti ẹrù inú ilé ìkẹ́rùsí, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi ní kó gbé tábìlì kalẹ̀. Lójú ẹni tó béèrè, iṣẹ́ kékeré ni: ìlà lọ ní ìbú, òpó lọ lóòró, ọ̀rọ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọn yóò ní àwọn fẹ́ lè tò ó láti orí orúkọ tàbí ọjọ́, àwọn fẹ́ lè fi asẹ́ yọ èyí tí àwọn kò fẹ́ rí, àwọn fẹ́ lè sàmì sí ogún ìlà lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọn pa wọ́n rẹ́, àwọn sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì Excel. Láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ kalẹ̀ fún wa láti lò) tí a bá mú níbẹ̀rẹ̀ ló máa pinnu èyí tó máa rọrùn nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí àti èyí tó máa gba wá lákòókò gan-an.

Márùn-ún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: tábìlì HTML lásán tí a fi láíbìrì component (àwọn ẹ̀yà ojú ìṣiṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀, bíi bọ́tìnì) ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, TanStack Table, Table inú Ant Design, Data Grid ti MUI X, àti AG Grid. React nìkan, ọ̀kan lára àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ojú ìṣiṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù bíi Vue àti Angular, ni Ant Design àti MUI X wà fún. TanStack Table àti AG Grid ń bá React, Vue àti Angular ṣiṣẹ́. Màá yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo Vue àti Angular kí n tó parí.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan ẹwà rárá. Ibo ni iṣẹ́ ti máa wáyé: nínú aṣàwákiri ni, àbí lórí server, ìyẹn ẹ̀rọ tí dátà wà lórí rẹ̀? Bí gbogbo ìlà kò bá ju ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì lọ, a lè kó gbogbo wọn wá sínú aṣàwákiri lẹ́ẹ̀kan, kí a sì tò wọ́n níbẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, server ló yẹ kó máa tò wọ́n, kó máa fi asẹ́ yọ èyí tí a kò fẹ́, kó sì máa fi ojú ewé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí a da méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìlà 4,000 ló wà nílẹ̀, tí server sì ń fi 25 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí láíbìrì bá ṣì ń tò nínú aṣàwákiri, ẹni tó tẹ orí òpó «Ọjọ́» kó lè rí ìwé owó tó dé kẹ́yìn yóò rí èyí tó dé kẹ́yìn nínú 25 tó wà níwájú rẹ̀ nìkan, kò sì ní sí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kó mọ̀ pé èyí tó ń wá wà lójú ewé mìíràn. Nítorí náà, kí a tó mú láíbìrì kankan, ó yẹ ká wo bí a ṣe ń sọ fún un pé kó fọwọ́ kúrò nínú títò, nínú asẹ́ àti nínú pípín sí ojú ewé, kó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún server.

Ìkejì ni ohun tí àwọn tó máa lò ó fẹ́ fi ṣe. Tábìlì tí wọ́n kàn ń kà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tẹ nǹkan sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn náà sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́ máa pín sí ìsọ̀rí, kí wọ́n sì rí àròpọ̀ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì ni láíbìrì tó bá wa mu ń yí padà, ìsọ̀rí àti àròpọ̀ yìí gan-an sì ni àwọn tó ń ta láíbìrì sábà máa ń gba owó lé lórí.

Ìkẹta ni àwọn tí kò lè lo máòsì àti àwọn tí kò ríran. Sọ́fítíwíà bíi NVDA àti VoiceOver tó ń ka ojú ẹ̀rọ sí wọn létí mọ ojúlówó tábìlì HTML dáadáa. Wọ́n lè sọ ibi tí ènìyàn wà, orí òpó tó jẹ́ àti iye ìlà tó wà nínú tábìlì náà. Bí láíbìrì bá fi `<div>` kọ́ tábìlì, ó gbọ́dọ̀ fi àmì ARIA (àwọn àmì inú kóòdù tó ń sọ fún sọ́fítíwíà akàwé ohun tí nǹkan jẹ́), bíi `role="grid"` àti `aria-rowcount`, rọ́pò gbogbo ohun tí `<table>` ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì jẹ́ kí bọ́tìnì ọfà orí kíbọ́ọ̀dù gbé ènìyàn láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn.

Ìkẹrin ni owó, ìyẹn owó ìwé àṣẹ àti owó àkókò pa pọ̀. Láíbìrì ọ̀fẹ́ tó ní kí a fọwọ́ ara wa kọ gbogbo nǹkan lè ná wa ju èyí tí a san owó fún lọ, òdìkejì rẹ̀ náà sì lè ṣẹlẹ̀.

Mo tún ní ìdánwò kan tí mo máa ń rọ àwọn ènìyàn láti ṣe kí wọ́n tó pinnu: ẹ wo àpótí àmì tó wà ní orí tábìlì, èyí tí a ń tẹ̀ láti fi sàmì sí gbogbo ìlà. Ta ni «gbogbo» yẹn? Ṣé ìlà 25 tó wà lójú ewé yìí ni, àbí gbogbo 4,000, àbí àwọn tí asẹ́ ṣẹ́kù nìkan? Níbi tí bọ́tìnì «Pa á rẹ́» bá wà, ìyàtọ̀ àárín ìdáhùn wọ̀nyí lè gbé dátà ọdún púpọ̀ lọ. Àwọn láíbìrì náà kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Nínú Ant Design, ojú ewé tó wà níwájú ẹni ni àpótí yẹn ń sàmì sí bí a kò bá yí i padà. Nínú MUI X, bí dátà bá wà nínú aṣàwákiri, gbogbo ojú ewé ló ń sàmì sí, àyàfi bí a bá tan `checkboxSelectionVisibleOnly`. TanStack Table fún wa ní iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún gbogbo ìlà, ọ̀kan fún ojú ewé, ó sì fi yíyàn náà sílẹ̀ fún wa. AG Grid, nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tuntun, jẹ́ ká lè sọ ọ́ ní kedere: gbogbo rẹ̀, àwọn tí asẹ́ ṣẹ́kù, tàbí ojú ewé yìí. Èyíkéyìí tí a bá mú, kí a kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ fún ẹni tó ń lò ó pé ìlà mélòó ló ti sàmì sí.

Tábìlì HTML lásán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò èyí kọjá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló tọ́ sí iṣẹ́ púpọ̀. A kọ `<caption>` láti fi sọ orúkọ tábìlì, `<thead>` àti `<tbody>` láti ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, a sì fi `<th scope="col">` ṣe orí òpó kọ̀ọ̀kan. Component Table inú MUI àti inú shadcn/ui kò jìnnà sí èyí: tábìlì HTML yìí náà ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí a bá fẹ́ kí orí òpó dúró sójú kan nígbà tí ìlà ń yí lọ sókè, `position: sticky` inú CSS ti tó. Bí a bá fẹ́ títò, a fi `<button>` sínú `<th>`, a sì fi `aria-sort` sọ ibi tí títò náà dojú kọ. Owó kankan kò wọ̀ ọ́, kò sí láíbìrì tó máa yí padà mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sí ohun tí sọ́fítíwíà akàwé fún afọ́jú mọ̀ jù ú lọ. Ohun kan tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni pé bí a bá fi CSS sọ `display` tábìlì di `block` tàbí `grid`, kó lè bá ojú fóònù mu, aṣàwákiri lè dẹ́kun láti máa kà á sí tábìlì, gbogbo àǹfààní tí mo kà sílẹ̀ yìí yóò sì lọ. Ó sàn kí a fi `<div>` tó lè yí sí ọ̀tún àti òsì yí tábìlì náà ká.

Ibi tí ó ti ń já ni wá kulẹ̀ ni ìgbà tí ìlà bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú ewé kan, tàbí tí àwọn tó ń lò ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè asẹ́ fún òpó kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fọwọ́ ara wa kọ gbogbo ìyẹn, láíbìrì ni a ń kọ yẹn, a kàn ń kọ ọ́ láìsí ẹni tó ń bá wa dán an wò ni.

TanStack Table

React Table ni wọ́n ń pe iṣẹ́ Tanner Linsley yìí tẹ́lẹ̀, kó tó di TanStack Table ní ẹ̀yà 8 tó jáde ní 2022. Ọ̀fẹ́ ni, lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT. Ohun tó mú kó yàtọ̀ sí gbogbo àwọn yòókù ni pé kò ní ojú kankan. Kò ya ìlà kan, kò kun àwọ̀ kan. Ìṣirò ló ń bá wa ṣe. A fún un ní dátà àti àlàyé àwọn òpó, òun á tò, á fi asẹ́ yọ, á pín sí ojú ewé, á rántí ìlà tí a ti sàmì sí, á wá dá àbájáde rẹ̀ padà fún wa kí a lè fi ọwọ́ ara wa kọ `<table>` tó wù wá. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa tábìlì HTML lásán ni a lè ní nípasẹ̀ rẹ̀, ìṣirò tó le nínú rẹ̀ sì ti kúrò lọ́rùn wa. Fún server, `manualSorting`, `manualFiltering` àti `manualPagination` ni a fi ń sọ fún un pé kó fọwọ́ kúrò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì hàn gbangba nínú kóòdù, tí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wa á mọ ohun tí a ṣe.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Èkíní ni pé nínú React, bí a bá ń ṣẹ̀dá dátà tàbí àwọn òpó lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí component bá tún ara rẹ̀ yà, tábìlì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lórí ara rẹ̀ láìdúró. `useMemo` tàbí `useState` ló ń wo èyí sàn. Èkejì kò tètè hàn síni, ó sì léwu jù ú lọ. Bí a kò bá fi `getRowId` sọ ohun tí a ó fi dá ìlà mọ̀, ipò tí ìlà wà nínú dátà ni láíbìrì yìí ń lò. Bí ẹnì kan bá sàmì sí ìlà kẹta, tí dátà tuntun sì wọlé láti orí server, àmì náà á wà lórí ìlà kẹta tuntun, tó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ti inú àkójọ dátà wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Iye tí a ń san fún TanStack Table ni iṣẹ́ ọwọ́. Àmì títò, àpótí asẹ́, bọ́tìnì ojú ewé, ohun tó yẹ kó hàn nígbà tí dátà kò tíì dé àti ìgbà tí kò sí dátà rárá, àwa la ó kọ gbogbo wọn.

Table inú Ant Design

Ẹni tó bá ti ń fi Ant Design kọ́ ìyókù ojú ìṣiṣẹ́ rẹ̀ kò nílò láti wá nǹkan lọ sí ìta. Ọ̀fẹ́ lòun náà, a ó sì rí tábìlì tó ní ojú ewé, títò àti asẹ́ nínú kóòdù tí kò gùn. Ìṣẹ́lẹ̀ `onChange` rẹ̀ ń kó ojú ewé, asẹ́ àti títò fún wa lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó fi rọrùn láti fi ránṣẹ́ sí server. Kí a má gbàgbé `rowKey`, nítorí ohun tí mo sọ nípa ìdánimọ̀ ìlà kan òun náà.

Àwa la máa kọ bí wọn yóò ṣe tò nǹkan, nípasẹ̀ `sorter`, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti farabalẹ̀. JavaScript, bí a bá fi í sílẹ̀, ń tò nọ́ńbà bí ẹni ń tò ọ̀rọ̀: 9, 10 àti 100 á di 10, 100, 9. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ á bọ́ sẹ́yìn z, tí «Ẹniọlá» á fi wà nísàlẹ̀ «Zainab». Ìyọkúrò lásán ti tó fún nọ́ńbà. Fún orúkọ, `localeCompare` tàbí `Intl.Collator` ni kí a lò.

Ant Design kò fẹ́ràn kí a máa tẹ nǹkan sínú sẹ́ẹ̀lì. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àwa la ó fọwọ́ kọ ọ́. Láti ẹ̀yà 5.9 ni wọ́n ti fi `virtual`, tí kì í yà ju àwọn ìlà tó wà lójú lọ, sí i fún dátà tó pọ̀, ó sì ń béèrè pé ká sọ ìbú àti gíga `scroll` pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí a bá tàn án, `<div>` ló ń rọ́pò `<table>`, nítorí náà kí a dán an wò pẹ̀lú sọ́fítíwíà akàwé kí a tó gbé e jáde.

Data Grid ti MUI X

Ìpele mẹ́ta ni èyí ní: Community tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ MIT, Pro àti Premium tí a ń san owó fún ní ìbámu pẹ̀lú iye àwọn tó ń kọ kóòdù. Ó lẹ́wà láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kíbọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan nǹkan kan, a lè tẹ nǹkan sínú sẹ́ẹ̀lì nínú ìpele ọ̀fẹ́, fáìlì CSV (tí kọ́mà ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀) náà sì wà níbẹ̀. `sortingMode`, `filterMode` àti `paginationMode` ni a fi ń gbé iṣẹ́ lọ fún server.

Kí a mọ ibi tí odi wà kí a tó wọlé. Nínú ìpele ọ̀fẹ́, ìlà tó lè wà lójú ewé kan kò lè ju 100 lọ, a kò lè pa pípín sí ojú ewé tì, asẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òpó kan ṣoṣo la sì lè fi tò ó. Láti so òpó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó má bàa yí lọ, Pro ni. Láti pín ìlà sí ìsọ̀rí, láti ṣe àròpọ̀ àti láti kó o sínú fáìlì Excel gan-an, Premium ni. Kò sí ohun tó burú nínú pé wọ́n ń ta iṣẹ́ wọn. Ohun tó burú ni kí ẹni tó ni iṣẹ́ béèrè asẹ́ méjì lẹ́yìn tí a ti kọ́ ogún tábìlì, kó wá di ọ̀rọ̀ owó tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò. Ẹ fi ìwé àfiwé ìpele wọn hàn án kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

AG Grid

Òun ni akọni nínú gbogbo wọn, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé òun ló yẹ gbogbo ènìyàn. Community jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ MIT, ó sì lawọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ: títò, asẹ́, títẹ nǹkan sínú sẹ́ẹ̀lì, síso òpó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àti CSV wà nínú rẹ̀, kò sì sí odi 100 ìlà. Enterprise ni a ń san owó fún, ó sì ní ìsọ̀rí, àròpọ̀, `pivot` (yíyí àwọn iye inú òpó kan di òpó tuntun), fáìlì Excel, yíyan ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì pa pọ̀ bí a ṣe ń ṣe nínú Excel, àti ọ̀nà tí server fi ń pín ìlà sí ìsọ̀rí fúnra rẹ̀. A lè dán Enterprise wò kí a tó sanwó; àmì omi àti ìkìlọ̀ inú kọ̀ńsólù ni yóò máa rán wa létí pé a kò tíì ra ìwé àṣẹ.

Agbára rẹ̀ lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ìlà wá láti inú ọgbọ́n kan tí MUI X náà ń lò: àwọn ìlà tó wà lójú àti díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ wọn nìkan ló ń yà, bí a ṣe ń yí i ló ń pààrọ̀ wọn. Ó yá gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa. Bí ènìyàn bá tẹ Ctrl+F láti wá orúkọ kan, aṣàwákiri kò lè rí ìlà tí a kò tíì yà, á sì sọ pé kò sí. Títẹ tábìlì náà sórí ìwé ń bá ìṣòro kan náà pàdé. Nítorí náà, àpótí ìwákiri tiwa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì hàn kedere.

AG Grid wúwo láti gbà wálẹ̀. Láti ẹ̀yà 33, a lè forúkọ àwọn apá tí a ń lò nìkan sílẹ̀ kó lè fúyẹ́, ó sì yẹ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ní àṣà ìrísí tirẹ̀, tí mímú un bá ìyókù ojú ìṣiṣẹ́ wa mu fi ń gba sùúrù.

Fún àwọn tó ń lo Vue àti Angular

Nínú Vue, Vuetify ti ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ lọ́nà tó wù mí: `v-data-table` fún dátà inú aṣàwákiri, `v-data-table-server` fún èyí tí server ń tò, `v-data-table-virtual` fún ìlà tó pọ̀. Ó ṣòro láti da wọ́n pọ̀ láìmọ̀. DataTable ti PrimeVue náà dára, `lazy` ni a fi ń gbé iṣẹ́ lọ fún server. Ní ti Angular, tábìlì inú Angular Material ti tó fún iṣẹ́ tí kò díjú, AG Grid ni kí a yà sí bí ó bá díjú.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí tábìlì bá wà fún kíkà nìkan, tí ìlà rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, HTML lásán ni kí ẹ mú, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní ìrísí tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, tí ẹ sì ní ẹni tó mọ HTML àti ARIA dáadáa, TanStack Table ni. Òun ni èmi fúnra mi máa ń kọ́kọ́ rò, torí pé bí ìrísí bá yí padà lọ́la, ìṣirò abẹ́ rẹ̀ kò ní yí padà. Bí ẹ bá ti wà nínú Ant Design, ẹ dúró síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọn yóò béèrè títẹ nǹkan sínú sẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ yanturu. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń lo MUI, tí wọ́n ń kọ́ ojú ìṣàkóso fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé, tí àkókò kò sì sí, Data Grid ni yóò tètè gbé wọn débẹ̀, bí asẹ́ kan àti 100 ìlà lójú ewé bá tó wọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dátà láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n ń pín in sí ìsọ̀rí tí wọ́n sì ń ṣe àròpọ̀ rẹ̀ bí ẹni wà nínú Excel, AG Grid Enterprise ló tọ́ sí wọn, owó ìwé àṣẹ rẹ̀ kò sì tó ohun tí wọn yóò ná bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan fọwọ́ kọ ọ́.

Bí ẹ bá ṣì wà láàárín méjì, ẹ mú tábìlì tó le jù nínú iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú méjèèjì, pẹ̀lú dátà yín gan-an láti orí server yín. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù nìkan lò ó láìfọwọ́ kan máòsì, ẹ tò ó láti orí òpó orúkọ, ẹ sàmì sí gbogbo ìlà, ẹ lọ sí ojú ewé kejì, kí ẹ sì wo iye tí tábìlì náà sọ pé ẹ ti sàmì sí.